Olè Tí Ẹnjiníà Ọláníyan Fi Ọwọ́ Ara Rẹ̀ Mú

Bí ẹ bá dé Kado l'Abuja lónìí, tí ẹ ní kí wọ́n sọ̀rọ̀ olóògbé Ẹnjiníà Nehemiah Ọláníyan fún yín, ìtàn olè ni wọn yóò kọ́kọ́ sọ. Wọn ò ní rántí sọ pé ọ̀gá ni lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ kó tó fẹ̀yìn tì. Wọn ò ní rántí pé òun ni olórí àwọn tó ń fi ìjókòó han èèyàn ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ìtàn olè ni. Ẹni tó fẹ́ sọ ọ́ á sì ti máa rẹ́rìn-ín kó tó la ẹnu.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í ṣípò pa dà nílé Ẹnjiníà. Wọ́n á sùn, wọ́n á jí, àga tí wọ́n fi sílẹ̀ ní pálọ̀ á wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Sálúbàtà Ẹnjiníà á wà lẹ́bàá géètì. Ọbẹ̀ tí Beatrice ìyàwó rẹ̀ sè sílẹ̀ á ti dín kù. Èyí tó wá ya Beatrice lẹ́nu jù ni pé ẹni tó ń jẹ ọbẹ̀ náà máa ń fọ abọ́ tó fi jẹ ẹ́, á sì dà á dé kí omi lè ro kúrò lára rẹ̀.

"Olè ni," Ẹnjiníà wí. "Olè tó ní ẹ̀kọ́ ilé ni, àmọ́ olè ni."

Beatrice wo ọkọ rẹ̀. Ẹnì kan ṣoṣo ló mọ̀ ní gbogbo Abuja tó máa ń da abọ́ dé báyẹn. Ṣùgbọ́n oorun tirẹ̀ wúwo, kò sì tíì fojú ara rẹ̀ rí nǹkan kan, ló bá panu mọ́.

Ẹnjiníà wá pinnu láti ṣe pàkúté. Kò sóhun tó wù ú tó kó máa to nǹkan pọ̀ kó máa pè é ní ẹ̀rọ. Ó ti ṣe ẹ̀rọ tó ń bó ẹ̀pà rí, ó bó ẹ̀pà, ó sì bó àtàǹpàkò Ẹnjiníà fúnra rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, ó so korobá omi mọ́ òkè ilẹ̀kùn kíṣìnì, ó kó agolo mílíìkì tí òkúta wẹ́wẹ́ kún inú wọn sílẹ̀, ó ta okùn, ó sì de aago kẹ̀kẹ́ mọ́ ìdí okùn náà. Ó pe Beatrice wá wò ó.

"Bó bá ti ṣílẹ̀kùn báyìí, omi á dà lé e lórí. Ẹ̀rù á bà á, á tẹ agolo. Bó bá ní kóun sá, okùn á wé e lẹ́sẹ̀. Béà, kò níbi tó fẹ́ gbà!"

Kò sì níbi tó gbà lóòótọ́. Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tí Beatrice fi gbọ́ omi yàà, ó gbọ́ agolo, ó gbọ́ aago kẹ̀kẹ́, lẹ́yìn náà ló wá gbọ́ ohùn ọkọ rẹ̀ tó ń ké tantan pé, "Béà! Gbé tọ́ọ̀ṣì wá! Mo ti mú un!" Ó sáré débẹ̀. Ẹnjiníà dúró láàárín kíṣìnì nínú pijámà, omi ń ro tótó lára rẹ̀, okùn wé e lẹ́sẹ̀ méjèèjì, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sì di ọwọ́ òsì rẹ̀ mú pinpin.

"Ẹ dì í mú dáadáa o," ni Beatrice wí. "Ẹ má jẹ́ kó sá lọ."

Ẹ̀yin á rò pé ọ̀rọ̀ parí níbẹ̀. Kò parí. Kí ilẹ̀ tó mọ́, Ẹnjiníà ti ṣàlàyé bí ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́: òun gbọ́ ìró olè, òun jáde sí i, olè da omi lu òun, ó fi okùn òun de òun, ó wá bọ́ mọ́ òun lọ́wọ́ níkẹyìn nítorí pé ó fi epo para. Ó sọ ìtàn náà fún gbogbo ẹ́sítéètì. Bó ti ń sọ ọ́ ni olè náà ń ga sí i, nígbà tó sì fi máa dé ìdílé kẹrin, olè ti di méjì.

Bí ọ̀rọ̀ bá wá rí báyìí, kí ló dé tí ẹnikẹ́ni ò tètè mọ̀ pé ojú oorun ni bàbá yìí ń rìn? Ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín. Ìkíni ló fà á. Ọmọ Ìkìrun ni Ẹnjiníà, ó sì gba ìkíni gbọ́ ju ohun púpọ̀ lọ. Àwọn ọmọ ẹ́sítéètì tí wọ́n bí s'Abuja, tí wọ́n gbọ́ Yorùbá àmọ́ tí ahọ́n wọn ò yí i, á ní "Gúmọ́nìn sà" pẹ̀lú ọwọ́ nínú àpò. Ẹnjiníà á dá wọn dúró. Á ní kí wọ́n pa dà sẹ́yìn kí wọ́n tún rìn wá, kí wọ́n kí òun bí ọmọ èèyàn. Kò sí ipò tí o lè wà tí kò ní rí ìkíni bá ọ mu. O ń gbálẹ̀, ó ní tìẹ. O ń ti mọ́tò, ó ní tìẹ. O jókòó lásán, ó ní, "Ẹ kú ìjókòó."

Ìkíni yìí ti wọ̀ ọ́ lára débi pé oorun ò lè bọ́ ọ lára rẹ̀. Bó bá ń rìn lójú oorun, ojú rẹ̀ á là, ẹsẹ̀ rẹ̀ á nílẹ̀, bẹ́ ẹ bá sì kí i, á dá yín lóhùn, á béèrè ọmọ. Ta ni yóò wá rò ó pé ẹni tó ń béèrè ọmọ ń sùn? Lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tó bá ti jẹ́ ìkíni dáadáa ti jí nìyẹn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan ni Alhaja Ràdíátù, alága ẹ́sítéètì, tí ilé rẹ̀ wà ní òdìkejì ọ̀nà, ṣílẹ̀kùn síta tó sì fi igbe bọnu. Ẹnì kan ti fi ọ̀dà pupa kọ ẹ́kísì gàdàgbà sára ògiri ilé rẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ń gbé Abuja, ẹ mọ ohun tí ẹ́kísì pupa túmọ̀ sí. Ẹni tó bá rí i lára ògiri rẹ̀, oúnjẹ ò ní lọ lọ́nà ọ̀fun rẹ̀ lọ́jọ́ náà, torí pé katakata tí ìjọba fi ń wó ilé ló kù tí yóò dé.

"Wọ́n fẹ́ wó ilé mi! Kai! Kí ni mo ṣe?"

Gbogbo àdúgbò jáde. Ẹnjiníà náà jáde. Ó káwọ́ sẹ́yìn, ó súnmọ́ ògiri náà, ó wò ó lókè, ó wò ó nísàlẹ̀, ó wá mi orí.

"Alhaja, mi ò ní tàn yín. Ẹni tó kọ èyí mọṣẹ́. Ẹ wo bó ṣe gún. Ọwọ́ àgbà lèyí."

Ó bá a wọ takisí dé Wuse, wọ́n jọ wọ ọ́fíìsì ìjọba kan bọ́ sí òmíràn, wọ́n ń bẹ̀bẹ̀. Gbogbo ibi tí wọ́n dé ni wọ́n ti ní àwọn ò mọ ẹ́kísì kankan ní Kado. Ẹnjiníà bínú. Ó ní ìjọba tí ò mọ ibi tó kọ ẹ́kísì sí ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe.

Ọ̀sán ọjọ́ náà ni Beatrice ń fọ aṣọ. Ó mú pijámà ọkọ rẹ̀, ó fẹ́ rì í bọ omi, ló bá rí ọ̀dà pupa lápá ọ̀tún láti ọrùn ọwọ́ dé ìgbọ̀nwọ́. Ó lọ yẹ yàrá ẹrù wò. Agolo ọ̀dà tí Ẹnjiníà fi kun sílíńdà gáàsì wà níbẹ̀, bùrọ́ọ̀ṣì rẹ̀ ṣì tutù. Beatrice jókòó ti ọpọ́n aṣọ, ó rẹ́rìn-ín títí omijé fi ń bọ́ lójú rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ló dákẹ́, torí ó rántí pé òdìkejì ọ̀nà ni ilé Alhaja wà. Ọkọ òun dá ọ̀nà kọjá, òun ò sì mọ̀. Ó dìde, ó lọ bá Sùlàímọ́nù ní géètì ẹ́sítéètì.

Sùlàímọ́nù ni ẹ̀ṣọ́ wọn, ará Ìséyìn, ọkùnrin jẹ́jẹ́ tí ẹ̀rín rẹ̀ kì í dún. Lọ́jọ́ náà kò rẹ́rìn-ín rárá. Ó ti gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ: olè ń wọ ilé Ẹnjiníà, ẹnì kan tún wọlé wá kun ògiri Alhaja, ẹ̀ṣọ́ sì wà níbẹ̀. Ẹnjiníà fúnra rẹ̀ ní ẹ̀ṣọ́ náà ò mọṣẹ́. Wọ́n ní lọ́jọ́ Sátidé tó ń bọ̀, ní mítìn ẹ́sítéètì, wọn á lé e lọ.

"Màámi, wàláhì, kò sẹ́ni tó wọlé," ó wí. "Dádì nìkan ló máa ń jáde ní kùtùkùtù, a sì máa ń kíra wa dáadáa."

"Dádì wo?"

"Dádì ilé yín ni, mà. Lọ́jọ́sí, ó jáde géètì yìí, ó lọ dúró létí títì, ó ń fọwọ́ darí mọ́tò. Mo ní, 'Sànnu, Dádì, ẹ kú iṣẹ́.' Ó ní, 'O ṣeun, iṣẹ́ á máa gbè wá.' Mo rò pé eré ìdárayá ni wọ́n ń ṣe."

Beatrice yíjú sí títì náà. Ó mọ títì yẹn. Ó mọ bí àwọn tó ń kó ẹja lọ sọ́jà Kado ṣe máa ń sáré níbẹ̀ lówùúrọ̀. Láti ọjọ́ náà, ohun méjì ló ń dà á láàmú: kí mọ́tò má gbá ọkọ òun, kí wọ́n má sì lé ọmọlọ́mọ kúrò lẹ́nu iṣẹ́ nítorí ọkọ òun.

Lóru ọjọ́ náà, Beatrice ò sùn. Ó rí Ẹnjiníà tó dìde, tó wọ sálúbàtà, tó ń lọ sí ilẹ̀kùn. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá ó jí tàbí kò jí, àmọ́ báwo ni yóò ṣe mọ̀? Ó ronú, ó wá fi orúkọ Tiwátọ́pẹ́ ọmọ wọn pè é, ó sì kí i ní ìkíni kan tí kò bá àkókò mu rárá. Oṣù kẹjọ ni, òjò ń rọ̀, Iléyá ti lọ, Kérésì ò tíì dé.

"Dádì Tiwá, ẹ kú ọdún o."

"A kú ọdún, a kú ìyèdún," Ẹnjiníà dáhùn, ó sì tẹríba díẹ̀. "Ẹ̀mí wa á ṣe ọ̀pọ̀ rẹ̀ láyé."

Beatrice rọra dì í lápá, ó yí i pa dà, ó mú un lọ sórí ibùsùn. Ó ti mọ ohun tó fẹ́ mọ̀.

Ó sọ fún un lẹ́nu oúnjẹ àárọ̀. Ẹnjiníà gbé ife tíì sílẹ̀.

"Èmi? Èmi tí mo lo ọdún márùndínlógójì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba láìsùn lórí tábìlì lẹ́ẹ̀kan? Béà, ìwọ lò ń lálàá."

"Ẹ jẹ́ ká lọ rí dókítà."

"Tí mo bá ti mú olè yìí, a ó lọ sọ́dọ̀ dókítà. Òun gan-an ni mo fẹ́ gbé lọ síbẹ̀." Ó sì pinnu pé òun ò ní sùn mọ́ títí mítìn yóò fi dé, òun ó máa ṣọ́ olè. Ó ń jẹ obì kí ojú rẹ̀ lè là. Bí kò ṣe ń sùn tó yìí ni ìrìn náà ń burú sí i. Bí oorun bá ti gbé e lójijì, ibi tó bá wà ni yóò ti dìde.

Nígbà tí Sátidé yóò fi dé, oorun ti dá Ẹnjiníà wó. Ó jẹ iyán lọ́sàn-án, ó ní kóun fẹ̀yìn lélẹ̀ díẹ̀ kó tó di àkókò mítìn. Beatrice fi í sílẹ̀ níbi tó ti ń han-anrun, ó ti ilẹ̀kùn iwájú, ó ká pijámà ọlọ́dà náà sínú báàgì rẹ̀, ó kọjá sí iwájú ilé Alhaja, níbi tí wọ́n ti ń ṣe mítìn. Ọkàn rẹ̀ ò balẹ̀. Ó mọ bí ọkọ rẹ̀ ṣe gbéraga tó, ó sì ń bẹ̀rù pé tóun bá tú u fó lójú gbogbo ayé, ó lè má dárí ji òun láéláé. Ṣùgbọ́n Sùlàímọ́nù jókòó sórí bẹ́ńṣì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì Alhaja, ó ti di ẹrù rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Alhaja Ràdíátù là á mọ́lẹ̀: géètì ò láàbò, kí wọ́n wá ẹlòmíì. Beatrice dìde. Ó mú pijámà jáde, ó nà án sókè.

"Ẹ̀yin ará, ẹ má lé Sùlàímọ́nù. Ẹni tó kun ògiri Alhaja, ilé mi ló wà. Ó ń sùn lọ́wọ́ báyìí. Nígbà tó ń kùn ún náà, ó ń sùn ni."

Ariwo sọ. Ajíbọ́lá tó ń gbé lójúlé kejì fò dìde.

"Mummy Tiwá, Ẹnjiníà tó pàdé mi láàárọ̀ àná, tó kí mi?"

"Ó ń sùn."

"Ó béèrè ìyá mi!"

"Ó ń sùn."

"Ó béèrè orúnkún ìyá mi, mà! Ó rántí pé ti òsì ni!"

"Ajíbọ́lá, ó ń sùn."

Kò sẹ́ni tó gbà á gbọ́. Ibi tí wọ́n ti ń jiyàn ni Ẹnjiníà ti wọlé dé. Ó gba ilẹ̀kùn ẹ̀yìn jáde, èyí tí Beatrice gbàgbé láti tì. Síńgílẹ́ẹ̀tì ló wọ̀ lókè, ṣòkòtò pijámà nísàlẹ̀, agolo ọ̀dà lọ́wọ́ òsì, bùrọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ ọ̀tún.

"Ẹ kú ọ̀sán sà!" ni gbogbo wọn wí lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ti mọ́ wọn lára.

"Ẹ kú ọ̀sán o. Ẹ kú ìjókòó, ẹ kú àpérò. Ẹ má dìde, ẹ má dìde."

Ó gba àárín wọn kọjá. Ó gbé àga oníke kan kúrò lọ́nà, ó dé ìdí ògiri, ó fi ìka kàn án lẹ́ẹ̀mejì, ó fetí sí i. "Sìmẹ́ńtì ò tó," ó wí. "Ẹ wó o." Ló bá ti bùrọ́ọ̀ṣì bọ ọ̀dà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ẹ́kísì kejì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àkọ́kọ́, lójú alága, lójú akọ̀wé, lójú gbogbo wọn.

"Kai! Ẹ gba bùrọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ ẹ̀!" Alhaja ké.

Àwọn géńdé méjì dìde. Beatrice na ọwọ́ méjèèjì dí wọn lọ́nà. "Ẹ má gbá a mú. Ẹ má pariwo mọ́ ọn, ẹ̀rù á bà á." Ó rìn lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ rẹ̀, ó sì fi ohùn tí gbogbo wọn lè gbọ́ kí i. "Dádì Tiwá, ẹ kú ọdún o."

"A kú ọdún, a kú ìyèdún," Ẹnjiníà dáhùn, kò yíjú kúrò lára iṣẹ́ rẹ̀. "Kí Ọlọ́run fi ọ̀pọ̀ ọdún hàn wá. Ṣé ẹ ti pa adìyẹ?"

Ajíbọ́lá rọra jókòó. Alhaja fi ìbòrí bo ẹnu, èjìká rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Beatrice gba bùrọ́ọ̀ṣì, ó di ọkọ rẹ̀ lápá, wọ́n jọ rìn jáde, bí wọ́n sì ti kọjá géètì ni ẹ̀rín bú lẹ́yìn wọn. Sùlàímọ́nù nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ń tú ẹrù rẹ̀, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Nígbà tí Ẹnjiníà jí, ó wo ìka rẹ̀ tó kún fún ọ̀dà pupa. Ó pẹ́ tó ti ń wò ó.

"Béà, ṣé èmi ni?"

"Ẹ̀yin ni."

"Lójú mítìn?"

"Lójú mítìn." Beatrice ò fẹ́ fi nǹkan kan pamọ́ mọ́. "Èmi náà ti gbé pijámà yín dání lọ kẹ́ ẹ tó dé."

Beatrice ń dúró de ohun tí ọkọ rẹ̀ yóò sọ.

"Ṣé o fi áyọ́ọ̀nù lọ̀ ọ́?"

"Mi ò lọ̀ ọ́."

"Béà!" Ẹnjiníà gbá àyà mú. "O gbé pijámà mi síwájú Alhaja láìlọ̀ ọ́?"

Ẹ̀rín gba ẹnu Beatrice, ti ọkọ rẹ̀ náà sì tẹ̀ lé e. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ibùsùn fi ń mì. Nígbà tí wọ́n dákẹ́, Ẹnjiníà dìde, ó wẹ̀, ó wọ agbádá, ó dé fìlà, ó kọrí sí géètì. Ibẹ̀ ló ti ṣí fìlà náà lórí rẹ̀ fún Sùlàímọ́nù. Orí àgbàlagbà hàn síta pẹ̀lú ewú rẹ̀.

"Mo ṣẹ̀ ọ́," ó wí. "Mo pè ọ́ ní ẹni tí kò mọṣẹ́. Dárí jì mí."

Sùlàímọ́nù ti dọ̀bálẹ̀ kó tó parí ọ̀rọ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, Dádì, ẹ dé fìlà yín! Ẹ má gégùn-ún fún mi!" Àwọn tó ń kọjá lọ dúró wò wọ́n, ọ̀kan ṣí fìlà, èkejì dọ̀bálẹ̀, kò sẹ́ni tó fẹ́ gbà fún èkejì.

Ẹnjiníà wá lọ rí dókítà. Dókítà náà kò bi í ní nǹkan kan, Beatrice ló ń bi, èyí sì bí i nínú púpọ̀. Beatrice sọ bó ṣe ń han-anrun, tí èémí rẹ̀ máa ń dúró díẹ̀ kó tó tún bẹ̀rẹ̀. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n tọ́jú èyí, wọ́n sì yẹ oògùn tó ń lò wò. Dókítà ní kó máa sùn lákòókò kan náà lálaalẹ́, kó sùn tó, kó má jẹ obì nírọ̀lẹ́, kó má sì bínú wọ ibùsùn. Ó ní kí wọ́n kó yàrá wọn wá sísàlẹ̀, kí wọ́n ti gbogbo ilẹ̀kùn, kí wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ pamọ́, kí wọ́n gbé tábìlì onídígí àti ọ̀bẹ kúrò lọ́nà. Bó bá dìde, kí wọ́n má gbọ̀n ọ́n, kí wọ́n rọra dá a pa dà.

"Kí ni kí n wá ṣe sí ọ̀dà?" Ẹnjiníà béèrè.

"Ẹ fi tọrẹ, sà."

Ìrìn náà dín kù, àmọ́ kò tán pátápátá. Ẹnjiníà wá sọ ọ́ di iṣẹ́. Aago kẹ̀kẹ́ tó fi ń wá olè, ó gbé e sórí ilẹ̀kùn yàrá, kó lè jí Beatrice bóun bá fẹ́ jáde. Kò tó oṣù mélòó kan tó fi di pé òun ló mọ̀ nípa ìrìn ojú oorun jù ní gbogbo Abuja. Ó sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀ fún ẹgbẹ́ ọkùnrin ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọn ò bẹ̀ ẹ́. Ẹni tó ń sẹ́ tẹ́lẹ̀ wá ń yangàn. Bí ẹnì kan bá ní òun sùn dáadáa lánàá, Ẹnjiníà á wò ó pẹ̀lú àánú. "Ìwọ kàn sùn lásán," á wí.

Sùlàímọ́nù náà gba ìlànà. Beatrice kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń dán an wò: kí i kú ọdún, bó bá béèrè pé ọdún wo, ó jí nìyẹn, bó bá dáhùn, ó ń sùn nìyẹn, di ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ mú kó o dá a pa dà. Sùlàímọ́nù ò ṣì í rí. Ó ń ṣe é títí dé àárọ̀ ọjọ́ kìíní ọdún tuntun, tí Ẹnjiníà jáde nínú léèsì funfun, Bíbélì lábíyá, tó ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì.

"Dádì, ẹ kú ọdún o!"

"A kú ọdún, a kú ìyèdún! Ẹ̀mí wa á ṣe ọ̀pọ̀—"

Sùlàímọ́nù ti di ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ mú.

"Sùlàímọ́nù, fi mí sílẹ̀. Mo jí."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ọdún tuntun la wà yìí!"

"Mo gbọ́, sà. Ẹ rọra máa gbẹ́sẹ̀." Ó sì fi sùúrù mú un dé ẹnu ilẹ̀kùn rẹ̀, níbi tí Beatrice ti ń de gèlè lọ́wọ́, tó sì rẹ́rìn-ín títí gèlè fi tú. Ẹnjiníà pẹ́ dé ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ náà fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀.

Lọ́dún tó kọjá ni Ẹnjiníà kú, lọ́sàn-án gangan, ní ilé ìwòsàn. Ọkàn rẹ̀ ló ń yọ ọ́ lẹ́nu. Ìtàn rẹ̀ ò tíì kúrò lẹ́nu àwọn èèyàn, Beatrice náà sì ń sọ ọ́, òun gan-an ló ń sọ ọ́ dùn jù. Àárò ọkọ rẹ̀ ń sọ ọ́ púpọ̀. Òun tó ti ń fẹ́ sùn mọ́jú láti ọjọ́ pípẹ́, ó ti wá rí oorun sùn báyìí, kò sì fẹ́ ẹ mọ́.

Lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Àìkú kan láìpẹ́ yìí, Mofẹ́olúwa, ìyàwó tuntun kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn, wá bá a nílé. Ọkọ rẹ̀ ń rìn lójú oorun, ẹ̀rù sì ń bà á. Beatrice fà á jókòó, ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un, láti orí kọ́kọ́rọ́ dórí dókítà. Mofẹ́olúwa ń mi orí.

"Tó bá wá ń bá mi sọ̀rọ̀ ńkọ́, mà? Ṣé kí n dá a lóhùn?"

"Dá a lóhùn. Tèmi, ọ̀rọ̀ kan ló máa ń sọ bí mo bá ti dì í lápá. Á ní, 'Béà, níbo là ń lọ?' Níbẹ̀rẹ̀, mo máa ń ṣàlàyé pé ó ti dìde, pé ó ti jáde, pé ilẹ̀ ò tíì mọ́. Kò jẹ́ gbọ́, á fẹsẹ̀ tilẹ̀. Ìgbà tó yá ni mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kan péré ló ń wá. Màá ní, 'Ilé ni.' Á ní, 'Ó dáa.' Á sì tẹ̀ lé mi."

Mofẹ́olúwa rẹ́rìn-ín. Beatrice náà rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ló wá sọ ohun tí kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni, títí kan Tiwátọ́pẹ́ ọmọ rẹ̀. Lọ́jọ́ tí Ẹnjiníà kú, wọ́n ń ti ibùsùn rẹ̀ lọ sí yàrá mìíràn, òun Beatrice sì ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ojú Ẹnjiníà là kedere. Kò sùn rárá. Ó mọ ibi tó wà, ó mọ ẹni tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Ó yí orí sí ìyàwó rẹ̀.

"Béà, níbo là ń lọ?"

Beatrice dì í lápá.

"Ilé ni, Dádì Tiwá."

"Ó dáa," Ẹnjiníà wí, ó sì rọra pa ojú dé. Inú Beatrice ń dùn títí dòní pé òun wà níbẹ̀ láti dá a lóhùn.